Bí Láfà Ṣe Ń Tutù Tí Ó Fi Ń Di Òkúta

(Àròkọ Aṣàlàyé)

Ìbéèrè: Ṣàlàyé bí ohun yíyọ́ tí ó ti inú ilẹ̀ wá ṣe ń tutù di òkúta, àti ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó bá kan omi. Mú àpẹẹrẹ láti àgbègbè rẹ.

Bí o bá wọ ọkọ̀ ní Ìfàkì, tí o gba Ọ̀yẹ́, Ìlúpéjú àti Ìtàpá kọjá lọ sí Ìkọ̀lé, ìwọ yóò rí i pé àpáta kò jìnnà sí ojú ọ̀nà rárá. Òmíràn ga fíofío, igi kò sì rí ibi fi gbòǹgbò mú lórí rẹ̀. Òmíràn kàn yọ ẹ̀yìn díẹ̀ láàárín oko iṣu bí ìgbà tí ìjàpá bá ba mọ́lẹ̀. Òmíràn sì wà ní ẹ̀yìnkùlé, tí àwọn ìyá wa ń sá èlùbọ́ sí. Àwọn àgbà tilẹ̀ máa ń sọ pé láti ara òkìtì ni a ti mú orúkọ Èkìtì. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tí a bí sí ìdí àpáta yìí ṣàlàyé bí ó ṣe dé ibẹ̀, ìdáhùn tí ó sábà máa ń yá a lẹ́nu ni pé òkè ayọnáyèéfín kan ló tú láfà jáde ní ìgbà láéláé, tí láfà náà sì tutù di àpáta.

Ìdajì ìdáhùn yẹn jẹ́ òótọ́, ìdajì kejì kò rí bẹ́ẹ̀, inú ìdajì kejì yìí ni máàkì sì wà. Lóòótọ́ ni púpọ̀ nínú àpáta ilẹ̀ Èkìtì ti yọ́ rí bí epo orí iná. Ṣùgbọ́n kò fi ìgbà kan ṣàn lórí ilẹ̀. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí oòrùn kò dé, ni ó ti tutù, ó sì fara balẹ̀ tutù. Bí o bá lè sọ bí a ṣe mọ èyí, o ti dáhùn ìbéèrè náà.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ to orúkọ bí ó ti yẹ. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí, bí a bá ṣe ń wa ihò lọ sísàlẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i. Má ṣe rò pé gbogbo inú ilẹ̀ ti yọ́ bí omi. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣì le, bí ó tilẹ̀ gbóná. Àwọn ibì kan péré ni òkúta ti ń yọ́. Ohun yíyọ́ náà, nígbà tí ó bá ṣì wà nínú ilẹ̀, mágímà ni à ń pè é. Bí ó bá rí ọ̀nà jáde sí ojú ilẹ̀, tàbí sí ìsàlẹ̀ òkun, orúkọ rẹ̀ yí padà, ó di láfà. Ohun kan náà ni, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo lílọ̀ ṣe ń jẹ́ ògì nígbà tí ó wà nínú omi, tí ó sì ń jẹ́ ẹ̀kọ nígbà tí ó bá ti kan iná. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń pe mágímà ní láfà láti ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ rẹ̀ yóò kó ara rẹ̀ sí wàhálà nígbà tí ó bá kan àpáta Èkìtì.

Wàyí o, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ohun yíyọ́ bá ń tutù? Wo epo pupa. Ní àkókò ọyẹ́, bí epo bá wà nínú garawa ńlá tí ó sì ń tutù díẹ̀díẹ̀, yóò dì ní hóró-hóró, ọwọ́ rẹ yóò sì mọ̀ ọ́n bí o bá bù ú. Bí o bá da díẹ̀ nínú epo gbígbóná kan náà sínú abọ́ tí ó tutù nini, kíá ni yóò dì, ara rẹ̀ yóò sì jọ̀lọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òkúta. Nínú ohun yíyọ́, àwọn èròjà ń rìn kiri, kò sí èyí tí ó ní àyè kan pàtó. Bí ooru ti ń dín kù, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹgbẹ́ wọn rí, wọn a sì tò mọ́ ara wọn létòlétò títí wọn yóò fi di hóró. Bí wọ́n bá rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún lò, hóró náà yóò tóbi. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ ni wọ́n rí, hóró náà yóò kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò ní í rí i. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni, wọn kò tilẹ̀ ní í lè tò rárá. Ibi tí oníkálukú wà nígbà tí òtútù dé ni yóò dúró sí, ohun tí yóò sì ti ibẹ̀ jáde ni dígí dúdú, tí ẹnu rẹ̀ mú bí àfọ́kù ìgò.

Òfin kan yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa rọ̀ mọ́: bí ìtutù bá ṣe yá tó ni hóró yóò ṣe kéré tó. Nípa bẹ́ẹ̀, òkúta tí o mú lọ́wọ́ lè sọ fún ọ ibi tí ó ti tutù.

A óò bẹ̀rẹ̀ láti ojú ilẹ̀. Nínú àwọn òkè ayọnáyèéfín tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni Òkè Kamẹrúùnù, tí ó wà létí òkun ní orílẹ̀-èdè tí ń jẹ́ orúkọ náà. Ó ga ju mítà 4,000 lọ. Bí a bá na okùn tààrà láti Ìkọ̀lé dé ibẹ̀, kò tó kìlómítà 600. Ó bú ní ọdún 1909, 1922, 1954, 1959, 1982, 1999, 2000 àti 2012. Ti ọdún 1999 ni kí a gbé yẹ̀ wò. Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún náà ni ilẹ̀ là ní ẹ̀gbẹ́ òkè náà, láfà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ gba inú igbó. Nínú oṣù Kẹrin, ó dé Bakingili, ó bo ọ̀nà ọ̀dà tí ó ti Limbe lọ sí Idenau mọ́lẹ̀, ó sì wá dúró níbi tí kò tó mítà 300 sí òkun. Àwọn ará abúlé náà ti kó ẹrù wọn sá lọ kí ó tó dé.

Irú láfà bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná tó 1,000 sí 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi tí ó ń hó nínú ìkòkò rẹ kò ju 100 lọ. Nígbà tí ohun tí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ bá kan afẹ́fẹ́, ojú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tutù. Ìwọ náà ti rí i lára ẹ̀kọ gbígbóná: kò pẹ́ tí a bù ú sínú abọ́ tí awọ yóò fi bò ó lójú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìkánjú gbé e mu yóò bó lẹ́nu. Awọ láfà náà máa ń dúdú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n fòò tí ó sì ń ṣàn lọ. Nígbà mìíràn, awọ yìí máa ń ká jọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí okùn tí a ká sílẹ̀. Nígbà mìíràn, ìṣàn abẹ́ rẹ̀ a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, yóò wá rí ṣágaṣàga bí òkúta tí wọ́n dà sí ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Òkúta kì í jẹ́ kí ooru tètè gba ara rẹ̀ kọjá. Nítorí náà ni awọ náà ṣe dàbí ìbora fún ooru tí ó wà nísàlẹ̀. Ní erékùṣù Hawaii, ní ọdún 1959, láfà kún inú kòtò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Kilauea Iki, ó sì jìn ju mítà 100 lọ. Orí rẹ̀ dì, ó le, àwọn ènìyàn ń rìn kọjá lórí rẹ̀. Ní ọdún 1981, tí í ṣe ọdún méjìlélógún lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, wọ́n sì tún bá ohun yíyọ́ nísàlẹ̀.

Òkúta tí ó sábà máa ń ti irú ìtutù orí ilẹ̀ yìí jáde ni basalt. Ó dúdú tàbí kí ó rí bí eérú, ó wúwo, ara rẹ̀ kún, o kò sì lè rí púpọ̀ nínú hóró rẹ̀ àfi bí o bá fi awò wò ó. Ó lè ní ihò kéékèèké lára bíi ti búrẹ́dì. Gáàsì ló fẹ́ jáde nígbà tí láfà ń dì lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà dí mọ́ ọn. Irú òkúta kan tilẹ̀ wà tí ihò pọ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń léfòó lórí omi. Òun ni òkúta fífúyẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí a fi ń ha gìgísẹ̀. Bí basalt bá sì nípọn, a máa sún kì bí ó ti ń tutù, a sì máa sán. O ti rí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún tí ó gbẹ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ó ṣe ń là sí igun-igun. Ní etí òkun ní àríwá Ireland, irú sísán bẹ́ẹ̀ ti sọ basalt di òpó tí ó tó nǹkan bí 40,000. Igun mẹ́fà ni púpọ̀ wọn ní, ẹni tí kò bá sì mọ ìdí rẹ̀ yóò búra pé àwọn agbẹ́kùúta ló jókòó gbẹ́ wọn.

Nàìjíríà náà ní láfà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ wa ní Èkìtì. Ó wà lórí òkè Jos, ní àgbègbè Panyam àti Kerang, ó sì wà ní Biu ní ìpínlẹ̀ Borno. Gbogbo rẹ̀ ti tutù tipẹ́. Ilẹ̀ tí ó bá ti ara irú òkúta bẹ́ẹ̀ jáde a máa lọ́ràá gan-an, ìdí sì nìyẹn tí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, rọ́bà àti ọ̀pẹ fi yí ẹsẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù ká, tí àwọn ènìyàn kò sì kó kúrò níbẹ̀ láìka iná rẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ omi ló kàn. Níbẹ̀ ni ó yẹ kí o dúró sí pẹ́ jù, nítorí pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni àwọn ẹlòmíràn fi máa ń parí rẹ̀: wọn a ní omi ń mú kí láfà tètè tutù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó.

Ya ilé alágbẹ̀dẹ. Bí ó bá fi ẹ̀mú mú irin pípọ́n jáde láti inú iná tí ó sì gbé e sílẹ̀, yóò pẹ́ kí ó tó ṣeé fọwọ́ kàn. Bí ó bá rì í bọ omi, yóò dún ṣìì, ooru omi yóò sọ lálá, ó parí. Omi a máa fa ooru kúrò lára nǹkan ju afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì. Nítorí náà, láfà tí ó bá wọ omi máa ń ní awọ dígí lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ pé jẹ́jẹ́ ni láfà náà ń jáde nísàlẹ̀ òkun, awọ dígí yìí yóò bò ó lórí, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lẹ́yìn kò dẹ́kun àtitì í. Awọ náà yóò wú, yóò sì là níbì kan. Láfà titun yóò fún jáde láti ojú ibi tí ó là, òun náà yóò sì wọ awọ tirẹ̀. Bí èyí bá ti ń ṣẹlẹ̀ léraléra, òkúta róbótó-róbótó yóò máa gun orí ara wọn bí ìrọ̀rí tí a kó jọ sórí ibùsùn. Ìrọ̀rí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń pè é. Bí o bá la ọ̀kan nínú wọn sí méjì, ìwọ yóò bá dígí lẹ́yìn, hóró wíwẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, àti hóró tí ó tóbi díẹ̀ sí i láàárín, nítorí pé àárín ni ó tutù gbẹ̀yìn. Níbikíbi tí onímọ̀ bá ti rí irú òkúta yìí lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kódà bí ó jẹ́ lórí òkè, ó dá a lójú pé omi ti bo ibẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Bí omi bá hó tí ó di ooru, a máa fẹ̀ tó ìlọ́po 1,600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìsàlẹ̀ òkun jíjìn, ìwúwo omi tí ó wà lókè kì í jẹ́ kí ó rí àyè fẹ̀. Ní etí òkun, kò sí ohun tí yóò dì í mú. Bí láfà bá dé omi mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ooru náà yóò bú gbàmù, yóò sì fọ́ láfà sí ẹ̀rún. Bí púpọ̀ nínú iyanrìn dúdú tí ó wà létí òkun Hawaii ṣe wáyé nìyẹn. Ní oṣù Keje ọdún 2018, nígbà tí láfà Kilauea ń ṣàn wọ òkun níbẹ̀, irú ìbúgbàmù bẹ́ẹ̀ ju òkúta gbígbóná lu ọkọ̀ ojú omi kan tí ó kó àwọn arìnrìn-àjò wá wòran. Ó ju ogún ènìyàn lọ tí ó fara pa. Ìkùukùu funfun tí ó ń sọ níbẹ̀ pàápàá kò ṣeé fà símú, nítorí ásíìdì tí ooru láfà ń yọ láti inú omi iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní Áfíríkà, irú ìpàdé yìí ti ṣẹlẹ̀ ní ojú àwọn ènìyàn. Láfà tí ó ti Òkè Kamẹrúùnù ṣàn ní ọdún 1922 dé inú òkun ní ẹ̀bá Bibundi. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002, láfà òkè Nyiragongo gba àárín ìlú Goma kọjá ní orílẹ̀-èdè Kóńgò, ó jó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé, ó sì wọ inú adágún Kivu. Gáàsì pọ̀ gan-an ní ìsàlẹ̀ adágún náà, ẹ̀rù sì ń ba àwọn onímọ̀ pé láfà lè rú u sókè. Kò rú u. Bí ó bá rú u ni, ọ̀rọ̀ ilé jíjó kọ́ ni à bá máa sọ.

Ọmọ ènìyàn ti fi omi bá láfà jà rí, ó sì yẹ kí o mẹ́nu kàn án, nítorí pé ó fi hàn gbangba pé o mọ ohun tí omi lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973, ilẹ̀ là ní ẹ̀bá ìlú kan ní erékùṣù Heimaey, ní orílẹ̀-èdè Iceland. Apẹja ni àwọn ará ibẹ̀. Láfà bo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé, ó sì forí lé ẹnu èbúté, níbi tí ọkọ̀ wọn ń gbà jáde. Bí ẹnu èbúté bá dí, ìlú náà tú nìyẹn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n sì ń fa omi òkun da sórí láfà náà fún oṣù mélòó kan, ó sì ju mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù mẹ́fà lọ. Wọn kò pa iná náà, kò sí ẹni tí ó lè pa á. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé iwájú láfà dì, ó di ògiri, èyí tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń ga lórí ara rẹ̀ dípò kí ó máa tẹ̀ síwájú. Èbúté náà kò dí.

Omi tí ó wà nínú ilẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Bí mágímà bá ń gòkè bọ̀ tí ó sì pàdé omi abẹ́ ilẹ̀, ìbúgbàmù rẹ̀ máa ń gbẹ́ kòtò róbótó sílẹ̀, òjò yóò sì kún inú rẹ̀ di adágún. Bí adágún Tilla tí ó wà ní àgbègbè Biu ṣe wáyé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni ti adágún Nyos ní Kamẹrúùnù. Ṣọ́ra níhìn-ín. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1986, nǹkan bí 1,700 ènìyàn kú ní ẹ̀bá Nyos. Kò sí láfà kankan tí ó jáde ní ọjọ́ náà. Gáàsì carbon dioxide tí ó ti kó jọ sísàlẹ̀ omi náà ló rú jáde ní òru, tí ó sì fún àwọn ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn wọn lọ́rùn lójú oorun.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí a padà sílé. Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní àgbègbè Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀yẹ́, kí o mú ẹyọ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, nítorí pé èyí tí òjò àti oòrùn ti pa lójú kò ní í fi ara hàn ọ́ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ granite ni o mú, ìwọ yóò rí hóró tí ó ń dán bí ìgò: quartz nìyẹn. Ìwọ yóò rí hóró funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ: feldspar nìyẹn. Ìwọ yóò sì rí èyí tí ó dúdú tí ó ń kọ mànà bí ìpẹ́ ẹja, tí èékánná lè hó kúrò: mica ni. Kò sí èyí tí o nílò awò láti rí nínú wọn. Ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí àpáta Olósùnta wà, àti ní apá kan ilẹ̀ Adó, hóró feldspar mìíràn gùn ju oríkèé ìka rẹ lọ.

Rántí òfin wa. Hóró tí ó tó báyìí kò lè jẹ́ ti ohun tí ó tutù lórí ilẹ̀. Mágímà ni, ó sì dì ní ọ̀pọ̀ kìlómítà nísàlẹ̀, pẹ̀lú òkúta mìíràn lórí rẹ̀ bí aṣọ òtútù, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni òjò àti odò ti ń wọ́ ilẹ̀ tí ó bò ó lọ díẹ̀díẹ̀. Olósùnta kò yọ jáde láti inú ilẹ̀ bí olú. Ilẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ ló ṣí lọ, tí òun sì kù.

Kì í sì í ṣe gbogbo àpáta Èkìtì ni granite. Púpọ̀ nínú èyí tí a ń rí ní àríwá Èkìtì ní ìlà dúdú àti funfun tí ó tẹ̀lé ara wọn bí ti aṣọ òfì. Gneiss ni èyí, òkúta àtijọ́ tí ooru àti ìwúwo ti tún ara rẹ̀ ṣe nínú ilẹ̀. Àwọn mìíràn nínú irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ti ju bílíọ̀nù 2 ọdún lọ. Òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ní tirẹ̀, iyanrìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí kí ooru àti ìwúwo tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kò pọn dandan kí o kọ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n má ṣe kọ ohun tí ó ta kò ó.

Ti Ìjerò ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn, nítorí pé kò jìnnà sí Ìdó, ó sì yí ọ̀rọ̀ omi padà. Mágímà náà máa ń ní omi nínú tirẹ̀. Bí granite bá ti ń dì lọ, omi yìí kì í rí àyè nínú púpọ̀ nínú hóró náà, nítorí náà yóò máa kó jọ sínú ìwọ̀nba mágímà tí ó kù gbẹ̀yìn. Omi a mú kí ó ṣàn dáadáa, àwọn èròjà a sì lè rìn jìnnà wá ẹgbẹ́ wọn. Àṣẹ́kù yìí a wọ inú pàlàpálá àpáta, níbẹ̀ ni yóò sì ti dì ní hóró ńláńlá. Irú òkúta bẹ́ẹ̀, tí à ń pè ní pegmatite, ni wọ́n ń wà ní Ìjerò, tí wọ́n sì ń rí mica, tourmaline, tánganran àti àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì mìíràn nínú rẹ̀. O rí i pé omi tí ó wà lóde a máa sọ hóró di kékeré tàbí kí ó pa á rẹ́ pátápátá, nígbà tí èyí tí ó wà nínú mágímà fúnra rẹ̀ a máa ràn án lọ́wọ́ láti tóbi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè kọ gbólóhùn yìí, tí ó sì yé e, kò ní ìṣòro mọ́.

Ó ku ìsun omi Ìkògòsì, tí àwọn kan máa ń mú wá sínú irú àròkọ yìí bí ẹ̀rí pé iná ń jó lábẹ́ Èkìtì. Kò sí mágímà níbẹ̀. Omi òjò ni ó gba pàlàpálá òkúta lọ sísàlẹ̀ jìnnà, níbi tí ilẹ̀ ti gbóná, tí ó sì tún rí ọ̀nà gòkè padà kí ó tó tutù tán.

Àwọn tí ń fọ́ òkúta ní abúlé wa mọ díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí láìka ìwé. Wọn a kó igi tàbí táyà ògbólógbòó lé àpáta lórí, wọn a sì dáná sí i. Orí àpáta a gbóná, a fẹ̀, nígbà tí abẹ́ rẹ̀ tutù tí kò sì fẹ̀. Bí kò ti sí àdéhùn láàárín wọn mọ́, yóò bó ní awẹ́-awẹ́, òòlù yóò sì wá ṣe èyí tí ó kù. Èéfín táyà yẹn burú fún àyà àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà, èyí tí ó sì pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìyá ọlọ́mọ.

Omi tí kò bá àpáta wa pàdé nígbà tí ó gbóná ti wá ń bá a gbé báyìí. Láti ọdún dé ọdún ni omi òjò ń sọ feldspar di amọ̀, irú èyí tí àwọn ìyá amọ̀kòkò ń wà ní Ìsàn láti fi mọ ìkòkò. Quartz kì í jẹrà, òun ni iyanrìn tí ó wà nínú odò wa. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tí granite ṣì le tí kò tíì jẹrà, kò sí àyè fún omi láàárín hóró àti hóró, nítorí pé nígbà tí wọ́n ń dàgbà ni wọ́n ti há mọ́ ara wọn. Inú ilẹ̀ tí ó ti jẹrà lókè, àti inú pàlàpálá àpáta nìkan ni omi lè dúró sí. Òmíràn nínú pàlàpálá wọ̀nyí ti wà láti ìgbà tí òkúta náà ti sún kì nígbà tí ó ń tutù. Òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ là nígbà tí ẹrù ilẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Àwọn tí ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ fi iná ẹ̀lẹ́kítíríkì sínú ilẹ̀ láti wá ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbà. Ilé méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Ìkọ̀lé, kí kànga ọ̀kan ṣì ní omi ní oṣù Kejì, kí ti èkejì sì ti gbẹ láti oṣù Kejìlá, nítorí pé pàlàpálá gba abẹ́ ti àkọ́kọ́ kọjá, kò sì gba abẹ́ ti èkejì.